Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni Brienne? Àríyànjiyàn yìí fẹ́ tú ẹgbẹ́ òǹkàwé wa ká

Ìbéèrè láti ọwọ́ Kòkárí Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Èmi ni mo ń ṣe kòkárí ẹgbẹ́ òǹkàwé kékeré kan. A ti ka ìwé márààrún tó ti jáde nínú ọ̀wọ́ ìtàn àròsọ A Song of Ice and Fire ti George R. R. Martin, láti orí èyí àkọ́kọ́ tó jáde ní ọdún 1996 títí dé ìkarùn-ún, A Dance with Dragons, tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2011. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń retí ìkẹfà, The Winds of Winter.

Ọ̀rọ̀ Brienne ló dá ìjà sílẹ̀. Fún ẹni tó bá ti gbàgbé: ní ìparí ìwé kẹrin, Brienne, obìnrin jagunjagun tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Catelyn Stark pé òun yóò wá àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ rí, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó fi igbó ṣe ilé. Catelyn yìí kan náà, tí wọ́n ti pa tí wọ́n sì ti jí dìde, ló ń ṣe olórí wọn, Lady Stoneheart ni wọ́n sì ń pè é. Ó ní kí Brienne yan ọ̀kan nínú méjì: kó mú idà lọ pa Jaime Lannister, ọmọ ìdílé ọ̀tá àwọn Stark tó ti di ọ̀rẹ́ Brienne, tàbí kí wọ́n yẹgi fún un. Brienne kọ̀, kò yàn. Bí okùn ti ń fún un lọ́rùn, ó pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, orí ìwé náà sì parí láìsọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún fún wa. Nígbà tí a ó tún fi rí i nínú ìwé karùn-ún, ó ti wá bá Jaime ní abúlé Pennytree, ó ní òun ti rí ọmọbìnrin tí wọ́n ń wá, pé ọwọ́ Hound, jagunjagun oníkà kan, ló wà, àti pé Jaime nìkan ni kó tẹ̀ lé òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Hound yóò pa á. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àgbà ẹlẹ́sìn kan ti sọ fún Brienne fúnra rẹ̀ pé Hound ti kú.

Ìdajì ẹgbẹ́ wa ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ìdajì kejì ní ó ń ta ọgbọ́n ni, pé òun àti Jaime yóò jọ gbógun ti àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ti le débi pé àwọn méjì kò jókòó sí ìlà kan náà mọ́. Ẹnì kan wá dábàá pé kí á lọ wo bí eré tẹlifíṣọ̀n Game of Thrones, tí wọ́n fi ìwé náà ṣe, ṣe parí ọ̀rọ̀ Jaime, kí á sì gba ìyẹn bí ìdájọ́. Ṣé kí n gbà bẹ́ẹ̀, àbí kí n fòfin de àríyànjiyàn náà títí ìwé kẹfà yóò fi dé?

Ìdáhùn láti ọwọ́ Olùkọ́ Lítíréṣọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ kòkárí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fòfin de ohunkóhun. Ẹ kàn bi wọ́n léèrè pé: ojú ta ni a fi rí ìṣẹ̀lẹ̀ Pennytree? Bí Martin ṣe to ìtàn rẹ̀ ni pé orí kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dá ìtàn kan tí a ń fi ojú rẹ̀ ríran, tí a sì ń gbọ́ ohun tó ń rò nínú ọkàn rẹ̀. Nínú ìwé kẹrin, orí mẹ́jọ ni Brienne ní. Nínú ìkarùn-ún, kò ní ẹyọ kan. Inú orí kan ṣoṣo tí Jaime ní ló ti yọjú. Òǹkọ̀wé tó jẹ́ kí á gbé inú ọkàn obìnrin yìí fún odidi orí mẹ́jọ mọ̀ọ́mọ̀ tilẹ̀kùn mọ́ wa ní ọjọ́ tí a fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ jù lọ.

Kí wá ni Jaime rí? Ó rí obìnrin kan tó dà bí ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dàgbà láàárín ìgbà díẹ̀. Ó bi í pé kí ló ṣe ojú rẹ̀. Brienne ní wọ́n bu òun jẹ ni, ó sì fọwọ́ kan èèkù idà tí Jaime fún un. Ìyẹn nìkan. Ẹlẹ́bi lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ fi ọgbọ́n kìlọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun mọ èrò rẹ̀ dájú ní Pennytree, ẹ ní kó fi ìlà tó ti kà á hàn yín.

Ìdáhùn láti ọwọ́ Ìyá Ìbejì

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ Jaime, ẹ kò dárúkọ ọmọ náà. Kì í ṣe Brienne nìkan ni wọ́n so rọ̀. Wọ́n so Hyle Hunt rọ̀, wọ́n sì so Podrick Payne rọ̀, ọmọdékùnrin tó ń tẹ̀ lé Brienne kiri, tí kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Brienne bẹ̀bẹ̀ fún un kí wọ́n tó fa okùn. Nígbà tí okùn sì ti wà lọ́rùn òun náà, ẹsẹ̀ Podrick tó ń ta pàpà lójú òfuurufú ló ń wò. Ìgbà yẹn ló pariwo. Ẹ tún ibẹ̀ kà dáadáa: ìgbà tí ikú kan òun nìkan, ó kọ̀ láti yàn. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló yí i lọ́kàn padà. Bí ẹ bá fẹ́ pè é ní ọ̀dàlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ pè é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀yin ìbá ṣe.

Ìdáhùn láti ọwọ́ Agbẹjọ́rò Kékeré

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Ìbejì sọ, àmọ́ mo ní àfikún. Àwọn Yorùbá ní ẹni tó bá da ilẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé yìí ń bi wá ni pé báwo ni ènìyàn ṣe lè sá fún ìdalẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ tó bá mu ti pọ̀ jù, tí ọ̀kan sì ń fa èkejì ya. Jaime ti sọ ọ́ fún Catelyn nínú ẹ̀wọ̀n Riverrun: wọ́n ní kó búra fún ọba, kó gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu, kó dáàbò bo aláìlágbára, ẹ̀jẹ́ náà ti pọ̀ jù, ohunkóhun tí ènìyàn bá sì ṣe, yóò da ọ̀kan nínú wọn. Ọba Aerys fẹ́ fi iná sun gbogbo ìlú, Jaime pa á, ayé sì sọ ọ́ ní apọba. Brienne ló tú àṣírí iná yẹn fún, ní ilé ìwẹ̀ Harrenhal. Ìyẹn ni pé ẹni kan ṣoṣo tó yẹ kí Jaime lè lóye ìṣòro rẹ̀ ni Brienne, ẹni tó sì yẹ kó lóye ti Brienne jù ni Jaime. Èyí ni kò jẹ́ kí n gbà pé ọ̀dàlẹ̀ lásán ni òǹkọ̀wé fẹ́ fi í ṣe.

Ẹ tún wo idà náà. Oathkeeper ni wọ́n ń pè é, Ice tó jẹ́ idà ọkọ Catelyn ni wọ́n sì fi rọ ọ́. Bí ìwọ bá jẹ́ Catelyn, tí o rí irin ọkọ rẹ lọ́wọ́ obìnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ọ, tí orí kìnnìún Lannister sì wà ní èèkù rẹ̀, ìwọ náà yóò bínú.

Lórí irọ́ Hound: kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àkẹtẹ̀ ogun Hound ti bọ́ sórí Lem, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà. Brienne kò mọ irọ́ í pa; ó jọ pé ìdajì òótọ́ ló rí mú dání. Ọmọbìnrin náà ni kò sí níbẹ̀.

Ìdáhùn láti ọwọ́ Wòran-wòran

Ẹ gbàgbé eré tẹlifíṣọ̀n. Lady Stoneheart kò sí nínú rẹ̀ rárá láti ọdún 2011 títí ó fi parí ní 2019. Ẹjọ́ tí wọn kò gbé dé ilé ẹjọ́ yẹn, báwo ni wọn yóò ṣe dá a?

Ìdáhùn láti ọwọ́ Ó Ti Sú Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo lẹ ń retí? Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016 ni bàbá yìí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òun kò rí ìwé kẹfà parí ní àsìkò tí wọ́n dá fún òun. Láti ìgbà yẹn ó ti gbé Fire & Blood jáde ní 2018, ìtàn àwọn baba ńlá ìdílé ọba Targaryen, kì í ṣe ti Brienne. Ó máa ń sọ pé àwọn òǹkọ̀wé kan dà bí ayàwòrán ilé, pé àwọn mìíràn dà bí olùtọ́jú ọgbà, àti pé olùtọ́jú ọgbà ni òun. Ohun tó ń ṣe wá nìyẹn: òun náà kò tíì mọ gbogbo ẹ̀ka tí igi yóò yọ. Ìwé mẹ́ta ló kọ́kọ́ ní lọ́kàn, ó di méje. Bí ẹ bá fẹ́ ìtàn tó parí, ẹ gbé ẹgbẹ́ yín lọ sọ́dọ̀ ọ̀wọ́ ìwé mìíràn, The Wheel of Time. Robert Jordan tó ń kọ ọ́ kú ní 2007, ìyàwó rẹ̀, tó tún jẹ́ olóòtú rẹ̀, yan Brandon Sanderson, ẹni yẹn sì fi ìwé mẹ́ta parí rẹ̀ ní 2013.

Ìdáhùn láti ọwọ́ Olùkọ́ Lítíréṣọ̀

Àbúrò, a gbọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi wá kọ́ nìyẹn.

Kòkárí Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pinnu. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó ka orí tí Brienne ní kẹ́yìn nínú ìwé kẹrin sókè, lẹ́yìn náà orí Jaime nínú ìkarùn-ún. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ èrò Brienne yóò tọ́ka sí ìlà tó ti rí i. Ìbéèrè Ìyá Ìbejì ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ti mọ àwọn tí kò ní rí i dáhùn.

Ìyá Ìbejì

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìparí ìwé kẹta kún un, níbi tí wọ́n ti so Merrett Frey, ọ̀kan nínú ìdílé tó pa Catelyn, rọ̀. Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ rí Catelyn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn tó ń gbèjà Catelyn nínú ẹgbẹ́ yín nílò kí wọ́n tún un kà.