Búráùn wo ló yẹ pálọ̀ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀?

Ìyàwó Onílé:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Pálọ̀ ni mo fẹ́ kùn, búráùn ló sì wù mí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5, ìbú rẹ̀ 4.2, gíga rẹ̀ 3. Fèrèsé méjì ló ní, ara ògiri ìwọ̀-oòrùn ni méjèèjì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.8 sí 1.2. Ilẹ̀kùn méjì ló ní. Táìsì ilẹ̀ dà bí ògì, POP òkè funfun, àwọn àga sì jẹ́ aláwọ tó dúdú díẹ̀. Gílóòbù tó ń tàn funfun báláú la lò. Péńtà po ọ̀dà kan, ó fi rólà fà á sára ògiri ká lè wò ó. Láàárọ̀, ó dà bíi ṣokoléètì. Tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, á pọ́n bí ẹyin iná. Tá a bá tanná lálẹ́, á dà bí ẹ̀dọ̀ màlúù. Ọ̀dà kan náà! Kí ló fà á? Irú búráùn wo ni kí n mú, gálọ́ọ̀nù mélòó sì ni kí n rà?

Ọmọ Akunlé:
Ẹ kú iṣẹ́ ilé, mà. Ọ̀dà yẹn ò yí padà, ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé e ló ń yí padà. Búráùn kì í dá dúró bíi búlúù. Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ni, tí òkùnkùn wọ̀, nítorí náà ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe máa rí. Abẹ́ búráùn kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ kan tó fara pa mọ́: pupa, yẹ́lò, ewé tàbí eérú. Pupa ló wà lábẹ́ tiyín. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ pupa, ẹ wá rí i pé pupa gun orí pupa. Gílóòbù yín ńkọ́? Ẹ wo ara páálí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 6500K, nọ́ńbà tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: bó bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ ń pọ́n tó. Búlúù pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, pupa ò tó nǹkan nínú rẹ̀. Bó bá bà lé búráùn olópupa, ẹ̀dọ̀ màlúù tẹ́ ẹ rí nìyẹn.

Ẹ pààrọ̀ gílóòbù kẹ́ ẹ tó yan ọ̀dà. Ẹ ra 3000K, tàbí 4000K bẹ́ ò bá fẹ́ kí ilé pọ́n lálẹ́, kẹ́ ẹ sì wò ó pé wọ́n kọ CRI 90 sára páálí rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an. Bí ẹ bá kọ́kọ́ yan ọ̀dà, tẹ́ ẹ wá pààrọ̀ gílóòbù lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ di méjì.

Fún fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ mú búráùn tí yẹ́lò àti eérú díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fojú inú wo sányán tó ti pẹ́ nínú àpótí: irú rẹ̀ gan-an. Ẹ má lọ síbi àwọ̀ obì. Ká tó lè mọ ohun tó wà lábẹ́ búráùn, a kì í wò ó lóun nìkan. Ẹ gbé e sórí bébà funfun, kẹ́ ẹ fi búráùn méjì mìíràn tì í. Èyí tó pọ́n nínú wọn á tú ara rẹ̀ fó.

Bí ẹ bá rí káàdì àwọ̀ tó ní nọ́ńbà LRV lẹ́yìn (bí àwọ̀ náà ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó), 0 ni dúdú tó gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì, 100 ni funfun tó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ní pálọ̀ tó ní fèrèsé lápá kan ṣoṣo, ẹ má jẹ́ kí ògiri mẹ́ta lọ sísàlẹ̀ 50. Ẹ fi èyí tó ki, bíi 15 sí 25, sí ògiri kan péré.

Alápòpọ̀:
Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 55.2. Ẹ yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn kúrò, ó ku bíi 47. Bó bá jẹ́ ògiri mítà 4.2 tí ò ní fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn lẹ́ ẹ fẹ́ fi búráùn kíkì kùn, 12.6 nìyẹn. Mẹ́ta yòókù jẹ́ bíi 34.4. Lítà kan ń kun bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lórí ògiri tó dán. Ògiri mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì: lítà 7, ìyẹn gálọ́ọ̀nù onílítà 4 méjì. Búráùn kíkì ń fẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lórí funfun: 3.8 lítà. Gálọ́ọ̀nù kan gbà á, ṣùgbọ́n ohun tó máa ṣẹ́ kù kò ní tó fi pa àpá kan rẹ́ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí wọ́n po àkọ́kùn rẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú emulsion olówó pọ́ọ́kú tó búráùn díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì á wá tó lórí rẹ̀.

Nípa pípò: ó jọ pé rẹ́ẹ̀dì àti búláàkì ni péńtà dà sínú funfun. Àwọn méjèèjì nínú funfun, àwọ̀ àlùkò ni wọ́n ń bí. Yẹ́lò oxide ló ń ṣíwájú, rẹ́ẹ̀dì oxide á tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, búláàkì ló ń kẹ́yìn, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń fà sí àlùkò, ẹ fi yẹ́lò kún un. Bó bá ń fà sí ewé, yẹ́lò àti búláàkì ló ti pọ̀ jù, ẹ kán rẹ́ẹ̀dì sí i. Mo tẹnu mọ́ oxide torí pé irú ohun tó ń bo irin tó bá ti dógùn-ún ló wà nínú rẹ̀, òun náà ló mú kí ilẹ̀ wa pọ́n. Oòrùn kì í tètè pa á, ògiri yín sì ń jẹ oòrùn lójoojúmọ́.

Ẹ má fi emulsion funfun po búráùn kíkì o. Funfun inú rẹ̀ ò ní jẹ́ kó kì láé, kí péńtà tó rí ohun tó fẹ́, á ti da àwọ̀ jù, ọ̀dà ò ní gbẹ dáadáa, á sì máa wọ ara aṣọ ẹni tó bá fara tì í. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní deep base, ìyẹn ọ̀dà tí funfun ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Gálọ́ọ̀nù méjì ti ògiri mẹ́ta, ẹ dà wọ́n pọ̀ sínú bókẹ́ẹ̀tì kan, kẹ́ ẹ pò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àtúnpò kì í bá ti àkọ́kọ́ mu.

Gbẹ́nà-ògiri:
Àwọn ọ̀gá ti sọ òótọ́, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ni mo fẹ́ fi kún un. Ògiri tó bá fèrèsé ṣe igun, oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń fẹ̀gbẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ibi tí screeding ti gbún tàbí tó yọ ló máa yọjú, búráùn kíkì sì ń fi í hàn ju funfun lọ. Lálẹ́, ẹ paná, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lẹ̀ mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ máa tì í lọ. Ibi tí òjìji bá ti jókòó, ẹ fi pẹ́ńsù yí i po, kẹ́ ẹ dí i, kẹ́ ẹ fi sáńpépà 180 fá a lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má fi búráùn kíkì sí ògiri tó gbé fèrèsé. Ìta á mọ́lẹ̀ rekete, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣú, ojú á sì máa rẹ ẹni tó bá kọjú sí i.

Ìyàwó Onílé:
Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Ògiri tẹlifíṣàn ni ò ní ilẹ̀kùn, òun àti fèrèsé ló ṣe igun. Péńtà ní ọ̀dà sátìnì tó ń dán ló dáa fún un nítorí àwọn ọmọ. Ṣé kí n gbà?

Gbẹ́nà-ògiri:
Òótọ́ kan wà nínú ohun tó sọ. Mátì búráùn, ìyẹn ọ̀dà tí kì í dán, tí wọ́n bá fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀ máa ń dán níbi tí wọ́n nù, ó sì máa ń rí bí ẹni fi òróró pa á. Ìdọ̀tí lọ, àpá kù. Àmọ́ sátìnì ń dán, gbogbo gbígbún ògiri ló máa fi hàn ní ìrọ̀lẹ́. Bí tọ́ọ̀ṣì bá ti fi hàn pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ lo sátìnì. Bí kò bá tẹ́, mátì ni o, kẹ́ ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣàn tó gùn síbẹ̀, ọwọ́ ọmọ ò ní máa dé ògiri.

Ọmọ Akunlé:
Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wá páálí líle tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, ẹ kùn ún ní funfun, kẹ́ ẹ fi búráùn kun àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí funfun yí i ká. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24, torí emulsion tútù máa ń mọ́lẹ̀ ju gbígbẹ lọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹ gbé e sórí táìsì, láàárọ̀, ní aago márùn-ún, àti lálẹ́ pẹ̀lú gílóòbù tuntun. Ojú pupa tí péńtà ti fà sára ògiri yẹn, ẹ fá etí rẹ̀ títí ọwọ́ ò fi ní mọ̀ ọ́n lára mọ́, kẹ́ ẹ fi funfun bò ó kó gbẹ. Bẹ́ ẹ bá kùn lé e bẹ́ẹ̀, ipa rólà yẹn á máa yọ lábẹ́ búráùn tuntun ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.