Ìwé ìrìnkèrindò kọ́, ìwé àtẹ́dè ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí á máa pe àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí ilé iṣẹ́ TSR ń tẹ̀ láyé ọjọ́un fún Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tó jáde ní 1974, níbi tí òṣèré kọ̀ọ̀kan ti ń jẹ́ akọni kan, tí ẹnìkan sì ń darí eré, ní "ìwé ìrìnkèrindò". Wọ́n ní Fágúnwà ti fi ọ̀rọ̀ náà sí wa lẹ́nu láti 1954. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn.

Ìrìnkèrindò ni èyí tí ẹnìkan ti rìn tán, tó wá jókòó ròyìn rẹ̀. Àwọn ìwé yìí kò ròyìn ìrìn ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí The Keep on the Borderlands tí Gary Gygax kọ. Odi kan wà níbẹ̀, àwọn ihò wà lára àfonífojì kan, nọ́ńbà wà lórí yàrá kọ̀ọ̀kan nínú máàpù, ìwé sì sọ ẹni tó ń gbé yàrá náà àti ohun tó ní. Ó parí. Olórí odi gan-an kò lórúkọ, oyè rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ; alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ náà kò lórúkọ. Ẹni tó ń darí eré ni yóò sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tí Mike Carr kọ ṣáájú rẹ̀, In Search of the Unknown, tún kọjá bẹ́ẹ̀: yóò ṣàpèjúwe yàrá, yóò wá fi àlàfo sílẹ̀ kí ẹni tó ra ìwé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀dá abàmì àti ìṣúra tó bá wù ú síbẹ̀. Ìtàn wo ló ń rí bẹ́ẹ̀?

Ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀ ni, bí a ti ń tẹ́ ẹní de àlejò. Ìdí nìyí tí mo fi ní "ìwé àtẹ́dè". Àwọn tó dé lè gba ẹnu ihò tó wù wọ́n wọlé, wọ́n lè bá ọ̀tá dúnàádúrà, wọ́n sì lè sá padà sí odi.

Ibì kan wà tí mo ti gbà fún ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí Dragonlance, ọ̀wọ́ kan lára àwọn ìwé yìí, bẹ̀rẹ̀ ní 1984, ìwé ló ń fún àwọn òṣèré ní akọni tí wọn yóò jẹ́, ìtàn sì ti là sílẹ̀ níwájú wọn. Ẹ pe ìyẹn ní ìrìnkèrindò, mi ò ní janpata.

Ní ti Dungeon Master, ìyẹn ẹni tó ń darí eré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi "ọ̀gá àjàalẹ̀" tí ẹnìkan mú wá sílẹ̀. A ní atọ́kùn. Atọ́kùn eégún mọ ọ̀nà, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ará ọ̀run fún èrò, ó sì ń kó eégún níjàánu. Rédíò ti sọ ọ́ di "atọ́kùn ètò", ó sì yé tọmọdé tàgbà. "Atọ́kùn eré" kò lè ṣòroó lóye.

Dungeon fúnra rẹ̀, ìyẹn ihò àti yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn akọni ń wọ̀, ló kù. Ẹ̀wọ̀n àti túbú kò bá a mu, torí ẹni tó wọ ibẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Àjàalẹ̀ ni mo fara mọ́ fún un báyìí. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó mú un wá.