Kí ló dé tí ojú òṣèré inú fíìmù ìhòòhò fi ń dà bí ẹni pé èmi gan-an ló ń wò?

Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń wo fíìmù ìhòòhò lórí fóònù nígbà tí ilé bá ti dákẹ́. Bí àwọn òṣèré bá ń wo ara wọn, mo lè pa á tì kí n sùn, ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá ti gbójú sókè tó tẹjú mọ́ kámẹ́rà, àyà mi á sọ kì, á dà bí ẹni pé ó mọ̀ mí. Ojú yẹn ni mo máa ń rántí lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe ìhòòhò rẹ̀. Kí ló fà á?

Ayàwòrán Tákìé:
Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ bi mí yìí. Nínú fíìmù àgbéléwò, a máa ń kìlọ̀ fún òṣèré pé kó má wo kámẹ́rà, nítorí bó bá ti wò ó, òǹwòran kúrò ní ẹni tó ń yọjú, ó di ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ìhòòhò mọ èyí, wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ wò ó. Ẹ wo fọ́tò bàbá àgbà tó wà lára ògiri pálọ̀: ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀yin ló ń wò, ẹ sún sídìí fèrèsé, ẹ̀yin náà ni. Bàbá kò yí ọrùn o. Àwòrán pẹlẹbẹ ni, ojú tó bá ti kọjú sí kámẹ́rà lọ́jọ́ tí wọ́n yà á kò níbi tó tún lè yà sí mọ́. Gíláàsì dúdú ẹnu kámẹ́rà ni obìnrin yẹn ń wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yọ́:
Òótọ́ ni, àmọ́ ó ku ti ara àwa fúnra wa. Ní 2002, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Teresa Farroni, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ tuntun ọjọ́ 2 sí 5 ń pẹ́ lórí àwòrán ojú tó ń wò ó ju ti ojú tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ. Ṣáájú rẹ̀, ní 1956, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, Donald Horton àti Richard Wohl, ti ṣàlàyé bí òṣèré tó ń kọjú sí òǹwòran ṣe ń mú kí onítọ̀hún rò pé àwọn jọ mọra, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ èkejì. Ti fíìmù ìhòòhò le jù, nítorí ara ti gbóná kí ojú tó dé. Ní tiwa, tí wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í wo àgbà lójú kòrókòró, ẹni tó bá tẹjú mọ́ni bẹ́ẹ̀, bí kò bá wá ìjà, ìfẹ́ ló wá.

Ìyá Àdùkẹ́, Arówómọlé:
Bàbá Ìbejì, ẹ dákun, ìgbà wo lẹ wo ìyá àwọn ìbejì lójú kẹ́yìn, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ?

Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ìyá Àdùkẹ́, ẹ ti bá mi wí. Ayàwòrán, mo dán an wò lálẹ́ àná: mo fi àtàǹpàkò bo ojú obìnrin náà lórí fóònù. Kò tó ìṣẹ́jú 2 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iye dátà tó ṣẹ́kù wò.