Ẹ̀rọ ìfọṣọ onílẹ̀kùn iwájú àbí onídèérí òkè: èwo ni kí n rà?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yìn ń dùn mí, dókítà sì ti ní kí n yéé bẹ̀rẹ̀ sídìí báàfù aṣọ. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé, àwọn ìbejì ò sì tíì kúrò nínú ìlédìí. Bàbá wọn ti tọ́jú owó ẹ̀rọ ìfọṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti di fà-á-kí-n-fà-á. Òun fẹ́ èyí tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì níwájú, ó ní kì í fi omi ṣòfò. Èmi fẹ́ èyí tí à ń ṣí ìdérí rẹ̀ lókè, torí bí mo bá rí ìbọ̀sẹ̀ kan nílẹ̀, mo lè jù ú sí i nígbàkígbà. Omi kànga là ń lò, a fi pọ́ǹpù ń fà á sínú táǹkì tó wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ti iná, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Èwo ni ká rà?

Ọmọ Aró: Ẹ gba ọmọ ọ̀dọ̀, kò nílò iná.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ìwọ lo máa san owó oṣù ẹ̀?

Bàbá Atúnṣe, Ọlá-Ìyá: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Iṣẹ́ mi ni títún ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe. Kí ẹ tó bèèrè èyí tó ń fọ̀ jù, ẹ kọ́kọ́ lọ wo táǹkì yín. Onílẹ̀kùn iwájú kì í fa omi fúnra rẹ̀, agbára omi inú páìpù ló ń tì í wọlé. Ìwé tó ń bá ọ̀pọ̀ wọn wá máa ń sọ pé agbára omi ò gbọdọ̀ dín sí 0.05 MPa. Ìyẹn ni pé kí omi inú táǹkì fi bíi mítà 5 ga ju ibi tí páìpù ti wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ. Àwọn kan ń gba mítà 3. Táǹkì orí búlọ́ọ̀kù ò débẹ̀. Ẹ̀rọ á dúró, á máa retí omi, nígbà tó bá sú u, á gbé àmì sójú pé nǹkan ò dáa. Àwọn tó ni ín á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á pè mí. Bí mo bá dé, nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rọ, omi ló ń kán wọlé bí itọ́ ọmọ tó ń hu eyín. Èèyàn lè fi pọ́ǹpù kékeré sáàárín, àmọ́ owó mìíràn nìyẹn, iná mìíràn sì ni.

Onídèérí òkè náà ń lo páìpù, ṣùgbọ́n bí omi bá ń ṣe jẹ́jẹ́, ẹ lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì da omi sí i látòkè. Bó bá ti dé ìwọ̀n tó ń wá, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ṣáà rántí pé yóò da omi ọṣẹ nù, yóò sì tún bèèrè òmíràn tó máa fi ṣan aṣọ.

Mọ́mì Dàda Estate: Bàbá, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n jàre. Onílẹ̀kùn lèmi ń lò, táǹkì wa ga, mi ò sì ní pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà òjò, aṣọ tó bá jáde nínú rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ, torí ọ̀pọ̀ wọn ń yí tó ìgbà 1,000 sí 1,400 láàárín ìṣẹ́jú kan bí wọ́n bá ń fún aṣọ. Onídèérí sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 700. Omi tó ń lò náà kéré gan-an sí ti onídèérí. Ó yẹ kí ẹni tó ń fa omi kànga mọyì ìyẹn.

Ohun tó ń fẹ́ àkíyèsí lára onílẹ̀kùn ni ọṣẹ àti rọ́bà. Ẹ má da ọṣẹ tó ń hó púpọ̀, tí a fi ń fọwọ́ fọṣọ, sí i. Rọ́bà tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká náà, ẹ fi ìka ṣí ìṣẹ́po rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìfọṣọ, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí ẹ ò bá ṣe é, ibẹ̀ á dúdú, aṣọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ á máa rùn. Owó, píìnì ìborùn, bọ́tìnì: gbogbo ẹ̀ ni mo ti bá níbẹ̀.

Alágbàfọ̀ Igbóǹnà: Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ omi bí ẹni pé omi lẹ fẹ́ wọ̀. Ti aṣọ ńkọ́? Onídèérí tó ní ọ̀pá láàárín máa ń lọ́ aṣọ gígùn mọ́ra: ìró, ìborùn, agbádá. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ mú èyí tí kò lọ́pàá. Onílẹ̀kùn rọ aṣọ lọ́rùn, ṣe ló ń gbé e sókè tó ń jẹ́ kó já bọ́ sómi. Àdìrẹ aláró, ẹ fi omi tútù fọ òun nìkan, ẹ̀rọ yòówù kí ẹ lò. Mo ti rí yunifọ́ọ̀mù funfun tó di aláró nílùú yìí. Aṣọ òkè ò gbọdọ̀ wọnú èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n Alẹ́kúwodò: Kí ló dé tẹ́nì kankan ò dárúkọ oníhò méjì? Ihò kan ń fọ̀, èkejì ń fún un. Kò wọ́n, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì tó o, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń gbé e.

Mọ́mì Dàda Estate: Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa fọwọ́ kó aṣọ tó mu omi yó láti ihò kan sí èkejì? Ẹ̀yìn ń dun obìnrin yìí o!

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Bàbá Atúnṣe, wọ́n ní onílẹ̀kùn ń gbé omi gbóná fúnra rẹ̀. Ti ìlédìí ló jẹ́ kí ìyẹn wù mí díẹ̀. Iná ńkọ́?

Bàbá Atúnṣe: Òótọ́ ni, ó ń gbé e gbóná. Àmọ́ nígbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè fa bíi 2,000 wáàtì, ínfátà kékeré ò lè dúró níwájú ẹ̀. Bí ẹ bá fi sí omi tútù, ẹ̀rọ tó ń yí i nìkan ló ń jẹ iná, ìyẹn ò le. Bí wọ́n bá mú iná lọ lágbedeméjì, omi àti aṣọ á wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á máa bá iṣẹ́ lọ bí iná bá dé. Bí iná ò bá dé, ìdérí kékeré kan wà nísàlẹ̀ níwájú tí ẹ lè tú láti fi fa omi jáde. Kí abọ́ pẹlẹbẹ wà nítòsí o. Èyí ẹ bá rà, ẹ fi sítábíláísà sí i, torí iná tó ń lọ sókè sódò ló ń jó pátákó iná tó ń darí wọn.

Bí ẹ bá sì ra onílẹ̀kùn, ẹ tú àwọn irin gígùn ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó tàn án. Wọ́n fi dè é kó má mì lójú ọ̀nà ni. Ẹni tí ò bá tú u, ẹ̀rọ náà á máa fò káàkiri inú ilé.

Ìyá Ìbejì: A ti wọn táǹkì. Láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé ibi tí a fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí, kò pé mítà 2. Bàbá wọn ní òun á gbé táǹkì sórí irin gíga. Mo ní kó kọ́kọ́ san owó ilé ìwé. Onídèérí aláìlọ́pàá la máa rà. Ti ìlédìí ló kù: ṣé mo lè se omi gbóná dà sí i?

Bàbá Atúnṣe: Ẹ lè dà á, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó. Ẹ lú u pọ̀ mọ́ tútù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé ibi tí ọwọ́ lè gbà á. Kí ẹ gbọn ìgbẹ́ inú ìlédìí dànù sí ṣáláńgá kí ẹ tó kó o sí i.