Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: a fẹ́ máa lo táǹkì ilé iṣẹ́ ṣe wáìnì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni a jọ ń fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣe wáìnì ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí. A kì í tà á, ó kàn wù wá ni. A ó bó o, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ sínú kẹ́ẹ̀gì, a ó wá fi ṣúgà àti yíìsì sí i.

Ilé kò gbà á mọ́. Yíìsì máa ń sọ ṣúgà di ọtí, afẹ́fẹ́ á sì máa tú jáde. Lóṣù tó kọjá, a dé kẹ́ẹ̀gì kan pa jù. Ó wú bí ikùn aboyún, ìdérí fò, omi rẹ̀ hó yàà dé ara àjà. Èyí tí a ò dé dáadáa, atẹ́gùn wọ̀ ọ́, ó kan gógó. Ó dùn wá dọ́kàn.

Ní California, àwọn ọ̀rẹ́ tí kò ní oko àjàrà máa ń sanwó fún ilé iṣẹ́ ọlọ́tí kí wọ́n lè lo ẹ̀rọ àti àgbá ibẹ̀. Àgbá lítà 225 á kún nǹkan bí ìgò 300! Bàbá kan tí wọ́n ń ṣe omi èso lọ́nà Ìlobùú ní táǹkì irin tí kì í dípẹtà, wọ́n sì ti ní ká máa bọ̀.

Ṣé iye lítà la ó fi sanwó ni, àbí iye ọjọ́ tí ọtí bá lò nínú táǹkì? Bí ó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, ta ló ni àdánù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, kó dá wa lóhùn kí ó tó di Sátidé.