Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, IVF (oyún tí wọ́n ń pò níta ara kí wọ́n tó gbé e sílé ọmọ) la fẹ́ lọ ṣe, àwọn ará ilé ọkọ mi ò sì jẹ́ n sinmi

Ìyàwó Ìpẹ̀rù:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin bọ̀dá mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, inú ló ń bí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò tíì gbọ́mọ pọ̀n. Ìyá ọkọ mi kì í bú mi o, ká má purọ́, ṣùgbọ́n tá a bá ti dé ibi ìkómọ báyìí, màmá á dìde láàárín èrò, wọ́n á ní kí gbogbo ayé bá àwọn ṣàdúrà fún ìyàwó àwọn tó ń wojú Olúwa, ẹni tí ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà á wá mọ̀. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ló burú jù. Nígbà tá a fẹ́ ra aṣọ Ojúde Ọba, ó ní ìwọ tí o ò san owó iléèwé ẹnì kankan, ìwọ ni kó o bá gbogbo wa ra gèlè. Mo dákẹ́. Mo tiẹ̀ ra gèlè ọ̀hún.

Ní báyìí, Èkó la ti fẹ́ ṣe IVF. Ilẹ̀ tí bàbá mi fún mi ní Òde Rẹ́mọ ni mo tà, ọkọ mi dá díẹ̀ sí i, a sì ti san àsansílẹ̀. Mo wá ń ka nǹkan kiri lórí fóònù, eléyìí á ní kí n máa jẹ ọ̀pẹ òyìnbó, èkejì á ní òun gan-an ló ń ba oyún jẹ́, orí mi ti dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa jẹ, báwo ni mo ṣe máa múra sílẹ̀, ṣé kí n sọ fún ìyá ọkọ mi àbí kí n gbẹ́nu dákẹ́?

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Má sọ fún ẹnikẹ́ni! Èmi sọ fún àǹtí mi kan ṣoṣo, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti ń gbàdúrà ẹ̀ ní ìṣọ́ òru. Ti abẹ́rẹ́ ni kó o rò. Ojoojúmọ́ lo máa gún un sí ikùn, ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá, méjìlá, òmíràn wà tó jẹ́ inú fíríìjì ló ń gbé, kì í ṣe fíríṣà o, tó bá fi di yìnyín ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Iná tiwa sì nìyí. Ilé ọ̀rẹ́ mi tó ní sólà ni mo gbé tèmi sí, mo wé e sínú ọ̀rá dúdú, mo ní oògùn ìyá mi ni. Ikùn mi wú, ẹ̀wù ò wọ̀ mí mọ́, mo sunkún lọ́jọ́ kan torí pé ẹja jóná.

Àlàájà T:
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ yára talẹ̀ jù. Ìyá kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń se àgbo, ó fún àbúrò mi, kò pẹ́ ó lóyún. Àti pé ọmọ tí wọ́n ṣe nínú ìgò, ṣé ara ẹ̀ máa ń pé báyìí?

Bọ̀dá Ládi:
Àlàájà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọdún 1978 ni wọ́n bí àkọ́kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílùú Òyìnbó, Louise Brown lorúkọ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ti bímọ láìlo IVF. Ní LUTH níbí, ọsibítù Yunifásítì Èkó, 1989 ni tiwa. Ìyàwó wa, ẹ ò sọ ọjọ́ orí yín, ẹ ò sọ nǹkan tí dọ́kítà ní ó fà á. Ṣé ọkọ yín ti ṣàyẹ̀wò àtọ̀? Nílé tiwa, ara èmi ni wọ́n ti bá a.

Ìyàwó Ìpẹ̀rù:
Bọ̀dá, kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ mi, ó ti bímọ kó tó fẹ́ mi, ọmọ náà ti wọ yunifásítì. Nǹkan oṣù mi ń wá déédé, torí náà ti ọjọ́ orí kọ́. Oúnjẹ ni mo béèrè. Ìyá Ìbejì ẹ ṣé, mi ò tiẹ̀ rò ti fíríìjì yẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Fara balẹ̀. Ti oúnjẹ kéré níbẹ̀. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, máa jẹ wọ́n, ìkọ́kọrẹ́ náà ò ṣe nǹkan kan. Fítámì tí wọ́n ń pè ní folic acid, 400 microgram lójoojúmọ́, ló yẹ kó o ti bẹ̀rẹ̀. Àgbo, fi sílẹ̀, a ò mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀, ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín jẹ́. Ọmọ tí ọkọ ẹ bí látijọ́ ò sọ bí àtọ̀ ẹ̀ ṣe rí lónìí. Kó ṣàyẹ̀wò, kó má bá obìnrin sùn fún ọjọ́ 2 sí 7 kó tó lọ. Àtọ̀ máa ń lò tó oṣù méjì àbọ̀ kó tó gbó, torí náà ọtí àti sìgá tó bá fi sílẹ̀ lónìí ò lè hàn lọ́la. Genotype ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́? AMH ẹ ńkọ́, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí ẹyin ṣe kù? Nǹkan oṣù lè máa wá déédé kí ẹyin sì ti dín kù. Ọdún mélòó lo wà? Ṣé o ti ya fọ́tò túùbù tí ẹyin ń gbà lọ sílé ọmọ rí, HSG yẹn?

Àlàájà T:
Nọ́ọ̀sì, àgbo la fi tọ́ ẹ̀yin náà dàgbà o.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Àlàájà, àbúrò yín yẹn, ṣé ó bí ọmọ ọ̀hún?

Àlàájà T:
Oyún ọ̀hún bàjẹ́, ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Ìyàwó Ìpẹ̀rù:
Mo ti pé 39. Mo ti ya HSG, ọdún kejì rèé, ní ọsibítù tá à ń lọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé túùbù òsì wú, omi wà nínú ẹ̀. Mi ò gbé e lọ sí Èkó torí mo gbọ́ pé IVF kì í lo túùbù, ṣebí wọ́n máa fa ẹyin jáde ni, wọ́n á pò ó pọ̀ mọ́ àtọ̀ níta, wọ́n á wá dá a padà sílé ọmọ. Kí ni mo tún fẹ́ máa gbé fíìmù àtijọ́ kiri fún? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Háà! Ibí ló yẹ kó o ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Hydrosalpinx nìyẹn. Òótọ́ ni pé IVF ò gba inú túùbù kọjá, ṣùgbọ́n omi yẹn máa ń ṣàn padà sílé ọmọ, ibi tí wọ́n fẹ́ gbé ọlẹ̀, ìyẹn ẹyin tó ti pò mọ́ àtọ̀, sí gan-an, kì í sì í jẹ́ kó dúró dáadáa. Ọ̀pọ̀ dọ́kítà ló máa kọ́kọ́ yọ túùbù yẹn tàbí kí wọ́n dí i. Nítorí ọjọ́ orí ẹ, wọ́n lè ní káwọn kó ẹyin ná, kí wọ́n fi ọlẹ̀ pamọ́ sínú òtútù, kí wọ́n wá tọ́jú túùbù kí wọ́n tó gbé e padà. Dọ́kítà ẹ ló máa mú ọ̀kan. Pè wọ́n lónìí.

Ìyàwó Ìpẹ̀rù:
Àyà mi já. Ṣé owó tá a san ti lọ nìyẹn?

Bọ̀dá Ládi:
Abẹ́rẹ́ tẹ́ ò tíì rà ò tíì jẹ owó. Ẹ má rà á títí wọ́n á fi wo fíìmù yẹn. Kí ọkọ yín bá yín lọ.

Ìyàwó Ìpẹ̀rù:
Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní ká mú fíìmù àti ìwé ẹ̀ wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Wọ́n bínú díẹ̀, àmọ́ àwọn náà ò bi mí. Ti ọkọ mi, ẹ fi sílẹ̀ ná, mo mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tó máa gbà.

Títí:
Nọ́ọ̀sì ẹ jọ̀ọ́ ma, fibroid, kókó ilé ọmọ yẹn, ni tèmi, ṣé èmi náà gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí n tó ṣe IVF?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ibi tó wà ló máa sọ, èyí tó bá yọ sínú ilé ọmọ là ń bẹ̀rù jù. Ṣùgbọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tìẹ lọ́tọ̀, kó o sì kọ ọjọ́ orí ẹ síbẹ̀.