Ìmọ̀ràn: Láàárín Lẹ́kí àti Àgbádárìgì, ibo ló yẹ ká lọ?

Aya Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ń bọ̀ ní Èkó nígbà ìsinmi iléèwé, pẹ̀lú ọmọ méjì tí kò mọ ìjókòó àti ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. A fẹ́ rí igbó, òkun àti ibi ìtàn. Ọjọ́ méjì péré ni o.

Ọmọ Èkó: Lekki Conservation Centre, ọgbà igbó tí wọ́n ń dáàbò bò ní Lẹ́kí! Afárá orí igi tí wọ́n ṣí ní 2015 wà níbẹ̀, mítà 401 ni gígùn rẹ̀, ó sì máa ń mì. Kí Màmá má dán an wò. Ọ̀nà pákó wà nísàlẹ̀ tí wọ́n lè rọra rìn. Ẹ tọ́jú oúnjẹ yín dáadáa, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í bèèrè kí wọ́n tó mú.

Ará Àgbádárìgì: Ẹ fún wa ní odindi ọjọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845 ṣì wà létí ọ̀sà. Àmọ́ ilé Sẹ́ríkí Abass gan-an ni kẹ́ ẹ má fò. Wọ́n kó ọkùnrin yẹn lẹ́rú ní kékeré, òun náà sì tún padà di olówò ẹrú. Àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń há èèyàn mọ́ ṣì wà níbẹ̀. Kò dùn ún gbọ́, síbẹ̀ ẹ jẹ́ káwọn ọmọ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gbẹrẹfu, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọ́kọ̀ òkun.

Alárìnká: Gbẹrẹfu kẹ̀? Pẹ̀lú orúnkún Màmá? Inú yanrìn lẹ máa rìn, oòrùn á sì máa pa yín. Kí wọ́n jókòó sí Marina Àgbádárìgì, kí wọ́n máa jẹ àgbọn wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń sọdá, ẹ dúnàá dúrà kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, kẹ́ ẹ sì wọ ẹ̀wù amúniléfòó.

Ọmọ Àgùdà: Gbogbo yín ti gbàgbé Ìsàlẹ̀ Èkó. Freedom Park ní Broad Street, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó ni tẹ́lẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, kò jìnnà síbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé hàn lára rẹ̀. Wọ́n ti wó Ilojo Bar, ilé àtijọ́ àwọn Àgùdà, ní 2016, nítorí náà ẹ yára wo èyí tó kù.

Aya Ìbàdàn: Ẹ ṣé gan-an. Lẹ́kí lọ́jọ́ kìíní, Àgbádárìgì lọ́jọ́ kejì. Ìyá ọkọ mi sì ní Gbẹrẹfu yẹn gan-an làwọn ń lọ.

Alárìnká: Ó dáa. Ẹ bá wọn mú agbòòrùn dání, kẹ́ ẹ sì tètè kúrò nílé. Ọ̀nà Àgbádárìgì kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó bọ́ sí.